Ìbéèrè Mẹ́ta Tí Mo Fi Pẹ́ńsùlù Pupa Bi Mùínátù

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé n kò kọ orúkọ mi sísàlẹ̀ ìwé yìí. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi. Mo gbé e dé ibi iṣẹ́, mo gbé e dé ilé ọkọ, mo ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, mo sì ń gbé e padà wálé. N kò jalè. N kò gba ọkọ ọlọ́kọ. Bí mo bá sọ ohun tí mo ṣe fún ọlọ́pàá, ẹ̀rín ni yóò fi mí rín. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mo ba nǹkan ẹlòmíràn jẹ́, mo sì mọ̀ ọ́n nígbà tí mò ń ṣe é.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nísinsìnyí ni ìwé àròkọ ọmọbìnrin kan tó ti wà lórí tábìlì mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èmi ni tíṣà rẹ̀. N kò lè máàkì í. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Ọmọ Ìkòròdú ni mí. Bàbá mi jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé. Láti kíláàsì àkọ́kọ́ títí mo fi jáde ìwé mẹ́fà, èmi ni mo ń gba ipò kìíní. Bí wọ́n bá ń pe orúkọ ẹni kìíní, n kì í tilẹ̀ dúró kí wọ́n pè é tán kí n tó dìde. Ẹ má rò pé mò ń fọ́nnu o. Àìsàn mi ni mò ń júwe fún yín.

Nígbà tí mo wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà, nítòsí Àgbówà, mo rò pé bákan náà ni yóò rí. Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fún mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọmọ Ẹ̀pẹ́ kan tó ń jẹ́ Mùínátù. Ìyá rẹ̀ ń yan ẹja, ó sì ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o lọ tà ní Èjìnrìn. Àpótí páànù tí Mùínátù gbé wá ń rùn fún ẹja yíyan. Mo fi ìborùn bo imú. Ó rí mi, ó bú sẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ẹja ni o, kì í ṣe òkú. Ṣé o máa jẹ?"

Mo jẹ ẹ́. Ó dùn. Ẹ ò rí i pé láti ọjọ́ kìíní ni mo ti ń jẹ nǹkan ọmọ yìí.

Obìnrin kan ló ń kọ́ wa ní àròkọ. "Kí ni ìdí abájọ?" ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ìyẹn la fi sọ ọ́ ní Míìsì Ìdí-Abájọ. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní ó ní kí a kọ̀wé lórí ìwúlò ilé-ìwé. Mo kọ ojú ewé mẹ́ta. Òwe méje wà nínú rẹ̀, ẹsẹ Bíbélì méjì, àti gbogbo ọ̀rọ̀ kàǹkà-kàǹkà tí bàbá mi máa ń sọ níjọ́ ìpàdé òbí. Mo ti tún gèlè mi ṣe, mò ń dúró de ìyìn.

Míìsì gbé ìwé mi sókè. Ó ní, "Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, òótọ́ ni. Ẹṣin méje ni mo kà níbí. N kò rí ẹnì kan tó gun ọ̀kankan nínú wọn."

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Míìsì kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó wò mí lójú, ó ní, "Bàbá rẹ ti sọ tirẹ̀. Kí ni ìwọ rò?"

Háà! Kò sí ẹni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Nílé wa, ọmọ tó bá ń rò, olórí kunkun ni wọ́n ń pè é. Mo dúró, mò ń wo bàtà mi.

Lẹ́yìn náà ló ka ti Mùínátù. Kò ju ìlàjì ojú ewé lọ. Ó kọ ọ́ pé ẹ̀gbọ́n òun tí kò lọ ilé-ìwé lè gbé ẹja sókè kó sọ bóyá àná ni wọ́n pa á tàbí ìjẹta, ṣùgbọ́n òun kò lè sọ ọ́, nítorí pé ilé-ìwé ni òun wà nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ nílé. Ó ní òun mọ ohun tí ilé-ìwé fún òun, òun sì mọ ohun tó gbà lọ́wọ́ òun, òun kò tíì mọ èyí tó pọ̀ jù. Ó parí síbẹ̀. Kò tilẹ̀ fi òwe kan dì í!

Míìsì ní, "Ẹ gbọ́ bí ènìyàn ṣe ń ronú." Ó tún kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ ohun tó ṣe mí. Owú ni, ẹ jẹ́ kí n pè é lórúkọ rẹ̀. Èmi ọmọ ọ̀gá ilé-ìwé, mo jowú ọmọ ẹlẹ́ja. Mo jowú bó ṣe ń jókòó. Mo jowú bó ṣe ń fi pẹ́ńsùlù họ etí tó bá ń ronú. Bí Míìsì bá pe orúkọ rẹ̀, ó máa ń dà bíi pé wọ́n gbá mi létí.

Díẹ̀díẹ̀ èmi náà ń kọ́ ọ. Míìsì ní ohunkóhun tí a bá kọ, kí a bi ara wa: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Báwo ló ṣe mọ̀? Ǹjẹ́ ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn? N kò purọ́ fún yín, mo yára mọ ìbéèrè í bi ju gbogbo wọn lọ. Ohun tí wọ́n ń fi í ṣe gan-an ni n kò mọ̀.

Ọ̀nà tí Míìsì fi ń kọ́ wa ni pé olúkúlùkù ní ẹnìkejì ìwé. Bí o bá kọ àròkọ rẹ ní àkọ́kọ́, ẹnìkejì ìwé rẹ ni wàá kọ́kọ́ gbé e fún. Òun yóò fi pẹ́ńsùlù pupa kọ ìbéèrè mẹ́ta sí etí ìwé náà, ìwọ yóò sì lọ tún un kọ. Òfin kan ṣoṣo ló fún wa. Ó ní, "Ìbéèrè tí yóò tún ìwé ẹlẹ́gbẹ́ rẹ ṣe ni kí o bi. Má bi í ní ìbéèrè tí o fẹ́ fi borí rẹ̀." Ó so èmi àti Mùínátù pọ̀.

Nígbà tí ọdún fẹ́ parí, wọ́n fún gbogbo wa ní orí ọ̀rọ̀ kan: kí ló ń ṣe ọjà Èjìnrìn tí kò fi kún bíi tàtijọ́ mọ́? Wọ́n ní àwọn alábòójútó kọ́lẹ́ẹ̀jì àti àwọn àgbà láti Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú yóò wá gbọ́ ọ. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní ni wọn yóò fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àgbà, níbi tí yóò ti gba ìwé-ẹ̀rí ńlá. Ẹnì kan ṣoṣo ni. Àwọn yòókù yóò gba ìwé-ẹ̀rí kékeré, wọn yóò sì máa kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní ABD kiri abúlé.

Mo kọ tèmi. Mo ní ọjà Èjìnrìn ń rẹ̀yìn nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí kò bọ̀wọ̀ fún àṣà mọ́. Mùínátù gbé pẹ́ńsùlù pupa, ó kọ ọ́ sí etí rẹ̀ pé: "Ṣé àwọn ọ̀dọ́ ló ń ru ẹrù lọ sí Èjìnrìn tẹ́lẹ̀ ni? Ta lo bi? Ǹjẹ́ kò sí ẹnì kan nílé yín tó mọ ibi tí ẹrù náà ń gbà lọ nísinsìnyí?"

Mo kọ́kọ́ bínú. Ṣùgbọ́n àbúrò bàbá mi ń wa lọ́rì. Nígbà tí mo relé, mo bi í léèrè. Ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èwo ni ti ọ̀dọ́ níbẹ̀? Ẹni tó rí lọ́rì tó máa gbé iṣu rẹ̀ láti oko débi tó ń lọ, kí ló fẹ́ máa dúró de ọkọ̀ ojú omi ṣe?" Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo kọ ohun tí mo lọ wádìí. Àròkọ mi dìde dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìbéèrè Mùínátù ló gbé e dìde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, lábẹ́ igi máńgòrò, ó gbé tirẹ̀ fún mi. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí, n kò gbàgbé ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀: "Ìyá mi sọ pé ọjà Èjìnrìn ń kú. Ṣùgbọ́n ìyá mi lè ṣìṣe, nítorí ẹja nìkan ló ń tà. Nítorí náà mo lọ bi àwọn atukọ̀, mo sì jókòó sí èbúté lọ́jọ́ ọjà méjì." Ó wá sọ ohun tó rí. Àwọn ẹlẹ́ja ṣì ń kún ọkọ̀ bíi tàtẹ̀yìnwá. Aláta, oníṣu àti ẹlẹ́ní ni kò wá mọ́. Àwọn àgbà ibẹ̀ kan ní èèwọ̀ ni àwọn ọlọ́jà jẹ tí ọjà fi tú. Ó kọ ọ́ pé: "Bó bá jẹ́ èèwọ̀ ni, kí ló dé tó mú aláta tí kò mú ẹlẹ́ja?" Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọjà kò kú, ó ń ṣí kúrò létí omi lọ sójú títì ni.

Mo tún kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ yìí kò gun lọ́rì, kò ní àbúrò bàbá kankan tó ń wakọ̀, ibi tí mo dé ló dé, ó sì débẹ̀ ṣáájú mi. Mo mọ̀ pé n kò lè borí rẹ̀. Mo sì mọ ibi tí agbára ìwé náà wà. Gbólóhùn ìyá rẹ̀ yẹn ni. Ibẹ̀ ni gbogbo ìyókù gbà wọlé.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí mo ti ṣẹ̀ nìyí. Mo gbé pẹ́ńsùlù pupa. Mo kọ́kọ́ bi í pé: "Ṣé o máa dúró níwájú àwọn àgbà, kí o sọ pé ìyá tó bí ọ lè ṣìṣe? Kí ni wọ́n máa sọ nípa ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ?" Mo tún bi í pé: "Atukọ̀ tí kò mọ̀wé, ṣé ẹ̀rí ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ sínú ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì?" Ẹ̀kẹta: "Ọ̀rọ̀ èèwọ̀ tí o kọ yìí, ṣé kì í ṣe pé o ń fi àwọn àgbà Èjìnrìn ṣẹ̀sín?"

Ẹ wò ó, kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Ìbéèrè ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá kà á yóò ní ọ̀rẹ́ tòótọ́ ni mí. Bẹ́ẹ̀ àbúrò bàbá mi tí mo kọ sínú tèmi, kò mọ A yàtọ̀ sí B. Ojú mi le o!

Mùínátù kà á, ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ní, "Ṣé ó burú tó bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo ní, "Nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ ni mo ṣe ń sọ ọ́."

Ó di ọwọ́ mi mú. "Ọlọ́run á san án fún ọ. Bí kì í bá ṣe ìwọ, ǹ bá dójú ti ìyá mi níwájú gbogbo ayé."

Ó ní kí n ran òun lọ́wọ́. Mo ràn án lọ́wọ́. Mo kó òwe mi àtijọ́ fún un, àwọn ẹṣin tí kò sẹ́ni tó gùn wọ́n, mo ní kó fi "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́" bẹ̀rẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń dúpẹ́.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ ka àròkọ wa níwájú àwọn àgbà, ìyá rẹ̀ wá láti Ẹ̀pẹ́. Ó gbé ẹja tí a wé sínú ewé lọ́nà méjì, ọ̀kan ti ọmọ rẹ̀, ọ̀kan tèmi. Ó ní, "Wọ́n ní ìwọ lo ń ràn án lọ́wọ́. O ṣeun, ọmọ mi." Mo kúnlẹ̀, mo gbà á.

Mùínátù dìde, ó kà. Òwe lé òwe. Àwọn baba wa ṣe báyìí, àwọn ìyá wa ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá kan nínú àwọn àgbà yán. Èmi ń wo Míìsì, ojú rẹ̀ ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó kà á tán, Míìsì, tó ti yọjú wo ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà nígbà tí Mùínátù ń kọ ọ́ ní kíláàsì, rọra bi í pé, "Mùínátù, níbo ni gbólóhùn ìyá rẹ wà?"

Ó yíjú wò mí. Kò bínú. Ó ń wò mí bí ọmọdé tó gbàgbé àkọ́sórí ṣe ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàárín ìjọ. Mo tẹrí ba, mò ń so okùn bàtà tí mo ti so tẹ́lẹ̀.

Ó ní, "Mo yọ ọ́, mà. Kò bọ̀wọ̀ fún àgbà."

Àwọn àgbà mirí sí i, wọ́n ní ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Wọ́n sì fún mi ní ipò kìíní. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ mi, mo dúró kí wọ́n pè é tán, wọ́n sì ní láti pè é lẹ́ẹ̀kejì.

Níta, mo gbọ́ ìyá rẹ̀ tó ń bi í, "Kí ló dé tó o yọ ọ̀rọ̀ mi? Ṣebí èmi ni mo ní kó o kọ ọ́ pé mo lè ṣìṣe? Èmi ni mo ní kó o má gba ẹnu mi nìkan gbọ́, kó o lọ bi àwọn atukọ̀!"

Mùínátù ní, "Kò dáa bẹ́ẹ̀, Ìyá."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Yéè! Obìnrin tí kò jókòó ní kíláàsì rí, ìbéèrè Míìsì ló ń bi. Ẹja rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo dúró kí ilẹ̀ lanu. Mùínátù kò dárúkọ mi. Ó ní, "Èmi fúnra mi ni mo rò ó bẹ́ẹ̀." Ó rò pé ọ̀rẹ́ rere ni òun ń bò mọ́lẹ̀.

Mo lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àgbà. Mùínátù gba ìwé-ẹ̀rí kékeré, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ABD ní abúlé kan lẹ́bàá Èjìnrìn títí di òní. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, ó gbé ẹja wá kí mi. Níwájú ọkọ mi àti ìyá ọkọ mi, ó nawọ́ sí mi, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi yìí ló là mí lójú. Bí kì í bá ṣe òun, ǹ bá ṣì máa tan ara mi pé mo mọ̀wé kọ." Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kò kọ nǹkan kan mọ́ láti ọjọ́ tó ti ka àròkọ yẹn, àfi orúkọ àwọn ọmọ nínú ìwé ìpè.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbìyànjú láti jẹ́wọ́ fún un. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, a jọ jókòó ní èbúté Ìkòròdú, ó ń dúró de ọkọ̀. Mo lanu. Ohun tó jáde ni pé, "Ẹja ọjọ́sí mà dùn o."

Mo ti dá ara mi láre títí. Mo ní ṣé mo gbá a lọ́wọ́ mú ni? Òun kọ́ ló yọ ọ́ fúnra rẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí Míìsì kọ́ mi kò jẹ́ kí n gba irọ́ ara mi gbọ́. Ǹjẹ́ ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí owú? Kò lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́, kí n tilẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀ tán: mo ṣì ń jowú. Ìwé-ẹ̀rí ńlá wà lára ògiri mi, n kò sì tíì kọ gbólóhùn kan tó tó èyí tí mo ní kó yọ.

Ní sáà yìí ni àbúrò Mùínátù obìnrin dé ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni ní Ìkòròdú. Ràbíátù lorúkọ rẹ̀. Ó mú ìwé pélébé kan wá láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀: "Ọ̀rẹ́ mi, àbúrò mi nìyí. Bi í ní ìbéèrè bí o ṣe bi mí." Mo kà á, mo ká a sínú Bíbélì mi.

Mo ní kí kíláàsì kọ̀wé lórí ẹnì kan tí wọ́n mọ̀ dáadáa. Ràbíátù kọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò pé ojú ewé kan. Ìparí rẹ̀ nìyí: "Ẹ̀gbọ́n mi máa ń sọ pé òun kò mọ̀wé kọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi lè ṣìṣe. Nítorí náà mo fẹ́ bi ẹni tó jókòó tì í nígbà náà. Tíṣà, ṣé òótọ́ ni?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, kí ni kí n kọ sí etí ìwé yìí? Bí mo bá kọ ọ́ pé òótọ́ ni, mo pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Bí mo bá kọ ọ́ pé irọ́ ni, ọmọ yìí kò ní dákẹ́, yóò bi mí pé ta ló wá sọ fún ẹ̀gbọ́n òun bẹ́ẹ̀. Ìyá wọn ṣì wà láàyè ní Ẹ̀pẹ́, ó ṣì ń fi ẹja ránṣẹ́ sí mi. Ṣé kí n lọ bá Mùínátù ní abúlé, kí n sọ fún un pé ó ní nǹkan kan lọ́wọ́, pé èmi ni mo gbà á? Ṣé ọdún mẹ́fà ṣeé dá padà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ bú mi pàápàá, ó tọ́ sí mi.

Gbogbo kíláàsì ti gba ìwé wọn, ti Ràbíátù nìkan ló kù. Láàárọ̀ òní ó tún wá síwájú tábìlì mi, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé ẹ ti dá tèmi lóhùn?"

Mo ní kó lọ jókòó.